Àtẹ̀gùn Mẹ́ta Iwájú Gbọ̀ngàn Wa

Láti ọdún kìíní mi ní yunifásítì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ arọ mi gun àtẹ̀gùn mẹ́ta tó wà níwájú gbọ̀ngàn tí a ti ń gba ẹ̀kọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn. Àwọn àgbà a máa sọ pé ọmọ tí a pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n, nítorí ẹni tí wọ́n ń gbé kò lè yan ìgbà tí yóò dé tàbí ìgbà tí yóò kúrò, bí òjò bá sì ti tú gbogbo wọn ká, ìta ni mo máa ń wà títí ẹnìkan yóò fi rántí mi.

Èyí ló mú kí èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin mìíràn, tí ọ̀kan nínú wọn kò ríran, tí òmíràn sì jẹ́ adití, dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀. Tépù ìwọnlẹ̀ la kọ́kọ́ rà. A wọn gíga àtẹ̀gùn àti fífẹ̀ ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a kọ ọ́ sínú ìwé, a sì mú òfin dání lọ bá àwọn aláṣẹ. Oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka fífi ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá dù wọ́n léèwọ̀ ní Nàìjíríà, òfin náà sì fi ọdún márùn-ún sílẹ̀ kí wọ́n fi tún gbogbo ilé tí ará ìlú ń lò ṣe, kí àwa náà lè máa wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti oṣù kìíní ọdún 2024.

Wọ́n dá wa lóhùn, wọ́n sì rán bíríkìlà wá kó mọ ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ lè gbà gòkè dípò àtẹ̀gùn. Inú mi dùn gan-an, àfi ìgbà tí mo gun ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tó mọ, tí kẹ̀kẹ́ mi fẹ́ dojú dé sẹ́yìn. Gíga àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ íǹṣì 18. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ilé ń tẹ̀lé ni pé fún íǹṣì 1 tí ọ̀nà bá fi ga, kó gùn tó íǹṣì 12, nítorí náà ẹsẹ̀ bàtà 18 ló yẹ kó jẹ́. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà péré ni bíríkìlà mọ. (N kò dá a lẹ́bi, nítorí kò sẹ́ni tó ní kó bi àwa tí a ó máa lò ó.)

A padà lọ. Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀rẹ́ wa adití fọwọ́ sọ ní ìpàdé náà ni pé kí wọ́n máa pè wá kí wọ́n tó po sìmẹ́ńtì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi di ìdí tépù mú, bíríkìlà di orí rẹ̀ mú, a sì fi ẹfun fa ìlà ẹsẹ̀ bàtà 18 sílẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló kàn.