Marfan, eré ìdárayá, àti èémí tí a sé

Ẹni tó ní Marfan, àìsàn àbímọ́ kan, sábà máa ń ga, apá rẹ̀ a gùn, ìka rẹ̀ a gùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ eré ìdárayá fi máa ń tètè fa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí pápá básíkẹ́tíbọ́ọ̀lù. Flo Hyman, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba fàdákà nínú fólíbọ́ọ̀lù ní Olympic ọdún 1984, ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní Matsue, ní Japan, ní oṣù kìíní ọdún 1986, ó sì kú. Ọmọ ọdún 31 ni. Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde ló ya. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé Marfan ló ní.

Àbùkù inú jíìnì FBN1 ló ń fà á. Jíìnì yìí ló ń jẹ́ kí ara ṣe fibrillin, ohun tó ń mú kí ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ lè nà kó sì padà sípò. Bí fibrillin bá lábùkù, ìdí òpó náà á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bó sì ṣe ń fẹ̀ ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń na ògiri rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Nítorí náà, kì í ṣe lílàágùn ni ọ̀tá. Èémí tí a sé ni. Ẹni tó bá sé èémí, tó fún ikùn le, tó wá gbé irin tó wúwo gan-an, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ti 120 fò kọjá 300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kò sì dìgbà tí èèyàn bá dé jíìmù. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25, àpò ìrẹsì kílò 50, mọ́tò tó kú tí wọ́n ń tì, àní ìgbẹ́ tó gan téèyàn ń fi agbára yà: ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì bá yín gbé e. Ẹ má tijú.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá kankan, ẹ lọ ya àwòrán ọkàn tí wọ́n ń pè ní echo. Ẹ má kàn béèrè bóyá ọkàn yín dáa. Ẹ béèrè iye sẹ̀ǹtímítà tí ìdí òpó náà fẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ti ń dé 5 nínú àgbàlagbà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ti dé. Ó lè má tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n á fi ṣe é, bí òpó ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan bá ti ya rí nínú ẹbí, tàbí tó bá ń yára fẹ̀. Ó kéré tán, ẹ máa tún un yà lọ́dọọdún.

Ìrìn, kẹ̀kẹ́ tó dúró sójú kan, omi wíwẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: ìwọ̀nyí dára, fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ẹ ka ìlù ọkàn ní ọrùn ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó ń lo atenolol, oògùn tó ń mú kí ọkàn lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tàbí irú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kọjá 100; ẹni tí kò lò ó, 110, àyàfi bí dókítà bá fún yín ní iye mìíràn. Bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí hẹlẹ, ẹ dín in kù. Irin fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí ẹ lè gbé léraléra láìfún eyín pọ̀ kò burú: bí ẹ bá ti ń gbé e, ẹ máa mí síta. Ẹ fi plank, ìyẹn kéèyàn gbé ara dúró gbagidi lórí ìgbọ̀nwọ́ àti ìka ẹsẹ̀, àti púṣọ́ọ̀pù àṣekú sílẹ̀. Ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn àti bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti ń kọlu ara wọn sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí lẹ́ǹsì inú ẹyinjú náà lè yẹ̀ kúrò nípò.

Ọ̀rọ̀ oògùn kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè fò. Cipro, oògùn apakòkòrò tí wọ́n máa ń rà ní kẹ́mísítì fún taifọ́ọ̀dù láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò léwu fún ògiri òpó yìí; FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ nípa òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Ẹ ní kí dókítà fún yín ní oògùn mìíràn.

Bí àyà tàbí ẹ̀yìn bá dédé dùn yín gan-an bí ẹni pé wọ́n ń fa nǹkan ya nínú, ẹ má pè é ní ọgbẹ́ inú, ẹ má mu àgbo. Ẹ ní kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ CT, èyí tó ń ya àwòrán inú ara, lójú ẹsẹ̀, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu yín sì jẹ́ Marfan.