Àyẹ̀wò ọdún 2025: èmi, kọ̀ǹpútà Bàbá, àti 0300

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka èyí lọ́dọọdún mọ bí mo ṣe máa ń tò ó: Ṣẹ́rẹ́ rí báyìí, Èrèlé rí báyìí, títí a ó fi dé Ọ̀pẹ. Tọdún yìí ò ní rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹta, mi ò lè sọ. Mo ṣáà mọ̀ pé mo jẹun, mo san owó ṣọ́ọ̀bù tá a ti ń tẹ̀wé, mo sì bá ẹni tó ń ta epo fún mi jà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyókù ti fò lọ. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló gba gbogbo ọdún mọ́ mi lọ́wọ́, láptọ́ọ̀pù dúdú kan tí lẹ́tà A àti O orí ẹ̀ ti pa rẹ́, torí ìka méjì péré ni Bàbá fi ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì máa ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń lu òǹtẹ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì.

Bàbá Réluwé papò dà lóṣù kẹfà. Ẹ ti mọ̀, ẹ bá mi kẹ́dùn, a ò ní fi irú ẹ̀ san án fún yín. Mi ò ní tún un rò. Ohun tí mi ò tíì sọ ni pé kọ̀ǹpútà wọn náà tẹ̀ lé wọn. Ìgbà tá a ṣàdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, tí àlejò ti tú ká, ni mo tàn án. Ó tàn, àwọn àmì funfun kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lójú ẹ̀, ó ní òun ń tún ara òun ṣe, ó kú, ó tún tàn, ó tún ní òun ń tún ara òun ṣe. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ní àṣé abọ́bakú ni mo rà fún bàbá mi.

Ìtàn ilé wa tí Bàbá ń kọ ló wà nínú ẹ̀. Ẹ ó rántí ìjà èmi àti Bàbá lórí àmì ohùn. Wọn ò fàmì sí nǹkan kan, ìbáà ṣe lábẹ́, ìbáà ṣe lórí. Màá ní, "Bàbá, ẹ bá wa fàmì sí i, kí àwọn ọmọ lè kà á." Wọ́n á ní, "Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ilé yìí á mọ̀ ọ́n kà." Kò sì sí ẹ̀dà ẹ̀ kankan níbòmíì. Bẹ́ẹ̀ ni o, èmi tí mo lẹ ìwé mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù pé "Ẹ fi ẹ̀dà iṣẹ́ yín pa mọ́ síbòmíì, a ò mọ nǹkan kan nípa fáìlì tó bá sọnù." Ẹ rẹ́rìn-ín, mo gbà fún yín.

Mo gbé e lọ s'Ílọrin. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀fà Gáréèjì, mo wọ máàrúwà lọ bá ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n ní ó mọṣẹ́. Kò wò ó tó ìṣẹ́jú méjì. "Alfa, ká fọ́máàtì ẹ̀ ni." Mo ní àwọn fáìlì inú ẹ̀ ńkọ́? Ó ní, "Ṣé nǹkan gidi wà nínú ẹ̀ ni?" Mi ò dá a lóhùn. Mo gbá láptọ́ọ̀pù náà mọ́ra nínú ọkọ̀ títí a fi padà dé Ọ̀fà, bí ẹni gbé ọmọ tí ara ẹ̀ gbóná.

Ọmọ IT wa, akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ló yọ wá. Èyí tó jẹ ẹ̀kọ àwọn ìbejì mi lọ́jọ́sí yẹn náà ni. Ó ti parí IT ẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ó kọ̀, kò lọ. Gbogbo ìgbà yẹn ló fi ń wàásù Linux fún mi, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí èèyàn lè lò dípò Windows. Ó ní lọ́dún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, Linus Torvalds, jókòó kọ gbòǹgbò ẹ̀, ó sì tú u sílẹ̀ fáyé, pé kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó wò ó, kí ẹni tó bá lè tún un ṣe tún un ṣe. Màá bi í pé ta ló ń sanwó fún un. Á ní kì í ṣe torí owó. Màá ní kó lọ gbálẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní kó gbálẹ̀. Ó mú fláàṣì kan jáde lápò, ó ti lẹ bébà mọ́ ọn lára, ó kọ XIA sí i. Ìyá Ìbejì tó ń gbé oúnjẹ kọjá dúró. "Bàbá Ìbejì, ta ni Ṣíà?" Ọmọ náà ṣàlàyé títí, pé Linux Mint 22.1, oríṣi Linux kan, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, pé orúkọ obìnrin ni wọ́n máa ń sọ ẹ̀dà Mint. Nígbà tí 22.2 wá dé lóṣù kẹsàn-án tí orúkọ tiẹ̀ tún jẹ́ Zara, ìyàwó mi ní òun ti mọ̀ pé ẹyọ kan ò ní tó mi.

Ó ki fláàṣì náà bọ láptọ́ọ̀pù, ó tàn án, ó sáré tẹ bọ́tìnnì kan. Orí fláàṣì ni Linux ti jí, kò fọwọ́ kan dísìkì inú ẹ̀ rárá. Nígbà tó wá ṣí dísìkì Bàbá, ó ní kíkà nìkan ni, kò sáàyè kíkọ. Windows ò ráàyè pa dísìkì náà dé dáadáa kó tó kú, ìdí nìyẹn tí Linux ò fi fẹ́ kọ nǹkan kan sí i. Mo ní kò burú. Kí lẹnikẹ́ni tún fẹ́ kọ sí i?

ITAN ILE WA 3. Ojú ewé 41. Mo yí i lọ sísàlẹ̀ pátápátá, mo ń wá ọ̀rọ̀ ìdágbére. Ohun tí mo bá níbẹ̀ rèé: "batiri redio 2. oogun eje riru. so fun awon ibeji ki won da fila mi pada." Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá dìde lọ wò ó lẹ́yìn ilé bóyá epo ṣì wà nínú jẹnẹrétọ̀, mo sì pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Iná NEPA wà lọ́jọ́ náà o.

Fìlà ọ̀hún ti padà. Orí ìṣó ló wà nínú yàrá wọn.

Bí mo ṣe wọ ẹ̀sìn ọmọ IT nìyẹn. Ti ṣọ́ọ̀bù ò tiẹ̀ ní àríyànjiyàn nínú: October 14 ni àtìlẹ́yìn Windows 10 parí, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, ohun ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, àti pírósẹ́sọ̀ tí kò tíì gbó. Nínú kọ̀ǹpútà mẹ́ta tá a ní, ọdún 2014 ni wọ́n ṣe èyí tó kéré jù. Mo béèrè iye tí tuntun jẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́, mo sì máa lọ. A gbé Mint sórí méjì. A fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ fún iṣẹ́ oníbàárà kan tí kò gba ohun mìíràn àfi Windows, ṣùgbọ́n a yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀ bí àgbà tí wọn ò pè síbi ọ̀rọ̀ ẹbí mọ́.

Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Àwọn tó sọ ọ́ ò tíì bá pírínńtà jà. Ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà náà ò rí Wi-Fi: ó ní kí n wa ohun tí á fi máa rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà nínú yàrá tí a tì. Okùn fóònù ló kó wa yọ, a fi dátà fóònù mi wa á. Lẹ́yìn ìyẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ Pọ́lì kan gbé prójẹ́ẹ̀tì wá. Fọ́ǹtì tó lò ò sí lọ́dọ̀ wa, LibreOffice tá a fi ń kọ̀wé lórí Mint fi òmíràn dípò ẹ̀, ojú ewé 62 di 65, ohun tí àtòkọ iwájú sì sọ ò bá ti ẹ̀yìn mu mọ́. Ó ti tẹ ẹ̀dà mẹ́ta kó tó rí i. Àpò mi ló ti jáde. Mo fẹ́ sọ fún un pé Linux ò lẹ́bi, mo wo ojú ẹ̀, mo gbé e mì.

Ibi tí mo ń lọ gan-an ni kíbọ́ọ̀dù. Yorùbá wà nínú ètò ẹ̀ lóòótọ́, òun àti Haúsá àti Ígbò. Mo lò ó fún ọjọ́ méjì, ọwọ́ mi ò gbà á. Ọmọ IT wá kọ́ mi ní Compose, ọ̀nà títẹ bọ́tìnnì tẹ̀ léra kí lẹ́tà alámì lè yọ. Alt apá ọ̀tún ni mo fi ṣe é: màá tẹ̀ ẹ́, màá tẹ àmì ìyanu, màá tẹ o, ọ á yọ. Ọ àti ẹ tó tún fẹ́ àmì lórí ni kò ní. Fún ìyẹn, nínú LibreOffice, màá tẹ ọ, màá kọ U+0300 tẹ̀ lé e, màá wá tẹ Alt òsì pọ̀ mọ́ X. Nọ́ńbà náà á pòórá, àmì ohùn ìsàlẹ̀ á gun orí ọ. 0301 ni ti ohùn òkè. Mo mọ méjèèjì ju nọ́ńbà àkáǹtì mi lọ báyìí. Láti oṣù kẹjọ ni mo ti ń fàmì sí ìtàn Bàbá, lálaalẹ́, ojú ewé kan, nígbà mìíràn ààbọ̀.

Ojú ewé 18 ni mo dúró sí. Ìgbà èwe wọn ni Bàbá ń sọ níbẹ̀, nígbà tí ìyá wọn ń lọ ra ẹja ní Jẹ́bà. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ rèé: "Oko iya wa ko de lale ojo naa, a si sun lai jeun."

Èmi kà á sí ọkọ̀. Ìyá lọ Jẹ́bà, réluwé pẹ́, ebi pa àwọn ọmọ sùn. Ilé réluwé la wà, ọkọ̀ wo ni ì bá tún jẹ́? Mo ti fi 0300 sí i tán kí ọwọ́ mi tó dúró. Torí bí mo bá yọ 0300 yẹn, ọkọ ìyá wa ni, kò sì sọ́mọ tó ń pe bàbá ẹ̀ ní ọkọ ìyá ẹ̀.

Mo pe Ìyá Ìlọrin, àbúrò wọn. Àwọn nìkan ló kù. Mo fẹ́ ka gbólóhùn náà fún wọn láìfohùn sí i, kí n má bàa darí wọn. Ẹ wo bí mo ṣe gọ̀ tó, ta ló ń ka Yorùbá láìfohùn sí i? Mi ò tíì kà á dé ìdajì tí wọ́n fi ní, "Ọkọ̀ ni, Àkànní. Ọkọ̀ ni. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Wọ́n ní ìrun ti tó, wọ́n pa fóònù. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ ni.

Mi ò tún pè. Ìbéèrè ìṣẹ́jú kan ni ì bá jẹ́, ká ní ẹni tí màá bi wà ní pálọ̀ níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí. Ó ń ṣe mí láti ìgbà náà bíi pé kì í ṣe ìmẹ́lẹ́ ni wọn ò fi fàmì sí i. Tàbí kẹ̀, wọn ò mọ Compose ni.

Ọpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, iṣẹ́ ń lọ. Ọmọ IT, o ṣeun, mi ò ní ní kó o gbálẹ̀ mọ́ (ó ní kí n kọ ọ́ síbí kí ẹ̀yin náà lè jẹ́rìí). Ìtàn náà wà níbi mẹ́rin báyìí, ọ̀kan wà lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì tí kò gbà kí n fi sórí fláàṣì tó ń jẹ́ orúkọ obìnrin. Bó bá rọ Ọlọ́run lọ́rùn, mo fẹ́ tẹ ogún ẹ̀dà fún àwọn ẹbí kí oṣù kẹfà tó dé. Mi ò ṣèlérí. Pírínńtà yẹn ṣì ń ya dìndìnrìn.

Ìyá Ìlọrin pè lánàá. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá kí wa lọ́jọ́ Saturday, kí n gbé kọ̀ǹpútà Bàbá sítòsí. Wọn ò sọ ìdí, èmi náà ò bi wọ́n. Mo ti yọ 0300 yẹn kúrò ná, mo yọ àmì abẹ́ ọ méjèèjì pẹ̀lú. "Oko" ló wà níbẹ̀, bí Bàbá ṣe fi sílẹ̀. Ìyá Ìbejì ti lọ ra ẹja.