Ẹ bi ọmọ náà léèrè bó ṣe rí ìdáhùn ẹ̀

Ìbéèrè táwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi máa ń bi mí jù ni pé báwo lèèyàn ṣe fẹ́ máa kọ́ ọmọ tí ò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín b àti d pa pọ̀ mọ́ ọmọ tó ti ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá látòkè délẹ̀, nínú kíláàsì kan náà, tí àwọn méjèèjì á sì rí nǹkan mú lọlé. Primary 4 ni mò ń kọ́ níhìn-ín l'Abẹ́òkúta, iléèwé ìjọba ni, àwọn ọmọ mi sì lé ní 50, torí náà ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti ẹni tó ní ọmọ 15 nínú kíláàsì. Ohun tí mo gbà gbọ́ ò pọ̀ rárá: kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ohunkóhun nínú bẹ́ ẹ ṣe ń kọ́ ọmọ, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tó dé gan-an, ẹ má wo ibi tí kíláàsì ẹ̀ sọ pé ó yẹ kó dé.

Ẹ lọ sí ọjà Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá nírọ̀lẹ́, ẹ ra tòmátò lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá tó jókòó ti ìyá ẹ̀, ẹ fún un ní 1,000 náírà lórí ọjà 650, á ti na ṣéńjì sí yín kẹ́ ẹ tó pa pọ́ọ̀sì yín dé. Ọmọ yìí kan náà, ẹ kọ 1,000 − 650 sójú bọ́ọ̀dù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bírò ni á máa jẹ. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀ o. Ní 1985, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe nílùú Recife ní Brazil, wọ́n lọ bá àwọn ọmọ tó ń ta ọjà nídìí igbá, wọ́n ṣe bí oníbàárà, wọ́n ń bi wọ́n ní iye tí ọjà jẹ́ àti ṣéńjì tó kù. Nígbà tó yá wọ́n wá gbé irú ìṣirò yẹn kan náà fún wọn lórí ìwé. Lọ́jà, ohun tí wọ́n gbà nínú 100 tó 98. Lórí ìwé, tó jẹ́ nọ́ńbà lásán tí ò sí ọjà nídìí ẹ̀, kò ju 37 lọ. Ọmọ márùn-ún péré ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n tíṣà wo ni ò tíì rí irú ẹ̀? Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 12, wọ́n bi í pé àgbọn kan 35, mẹ́wàá ńkọ́? Kò fi òdo kankan sídìí 35 bá a ṣe ń kọ́ wọn, ńṣe ló ní mẹ́ta jẹ́ 105, mẹ́ta sí i, ó di 210, ó wá ń ka ìyókù lé e títí ó fi dé 350. Ìṣirò gidi ni ọmọ yẹn ṣe!

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọmọ bá kọ ìdáhùn tí ò tọ̀nà fún mi, mi ò kì í fa igi sí i kí n sì kọjá lọ. Màá bi í pé, "Báwo lo ṣe rí i?" Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ méjì kọ 450 sí ìdí 1,000 − 650 yẹn, ìdáhùn kan náà o. Mo ní kí èkínní ṣe bí ẹni pé mo ra ata lọ́wọ́ ẹ̀, ló bá ní, "Tí mo bá fi 50 lé 650 ó di 700, ó wá ku 300 kó pé 1,000, ṣéńjì yín 350 mà." Kò tiẹ̀ ronú pẹ́. Ohun tí ò yé e ni pé tó bá ti yá ọ̀kan nínú ilé ọgọ́rùn-ún, ilé ọgọ́rùn-ún ti dín ọ̀kan nìyẹn. Mo ní kó kọ ti ọjà ẹ̀ yẹn sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, 650, 700, 1,000, a wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tá à ń yá nǹkan nínú ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló rí ibi tí 100 kan ti sọnù. Ṣùgbọ́n ìkejì, nígbà tí mo bi í pé 5 tó wà nínú 650 yìí, èló ni, ó ní náírà márùn-ún. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, òun nílò ká tú owó sílẹ̀, ká di í ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, kó fọwọ́ kà á. Tí mo bá kàn fa igi sí méjèèjì, tí mo ní kí wọ́n lọ ṣe kọrẹ́ṣọ̀n, kò sẹ́ni tí mo ràn lọ́wọ́ nínú wọn.

Ní ti ìwé kíkà, ọ̀nà tí mo ń lò, ọ̀dọ̀ àwọn Pratham, ẹgbẹ́ kan tó ń ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ kí wọ́n lè mọ̀wé kà ní Íńdíà, ni mo ti rí i, Mumbai ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1995. Wọn ò dán ọmọ wò pẹ̀lú ìdánwò gbọọrọ. Wọ́n á fún un ní létà kó kà, tó bá kà á, ọ̀rọ̀ kan-kan, lẹ́yìn náà páráágíráàfù kékeré, lẹ́yìn náà ìtàn. Ibi tó bá dúró sí ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, fún bíi wákàtí kan tàbí méjì lóòjọ́, wọ́n á kó ọmọ jọ gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n dé, ì báà jẹ́ kíláàsì kẹta tàbí ìkarùn-ún. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú Michael Kremer ní 2019, wà lára àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n sì rí i pé ó ń gbé àwọn tó ti rẹ̀yìn dìde. Èmi a máa kọ́kọ́ ṣe tèmi ní Yorùbá. Ẹ dákun, èyí ṣe pàtàkì gan-an, torí ọ̀pọ̀ ọmọ tá à ń sọ pé kò mọ̀wé kà, Gẹ̀ẹ́sì ni ò gbọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí láti 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi wà ní pírámárì, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ti àdìrẹ, torí òun ló dùn mọ́ mi jù ní táàmù yìí. Ìdá nọ́ńbà la fẹ́ kọ́, ìdajì, ìdá mẹ́rin, ìdá mẹ́jọ, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ní ìyá tàbí ìyá àgbà tó ń ṣiṣẹ́ àdìrẹ n'Ítòkú. Mo pín bébà fún gbogbo wọn. Ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tú u, ẹ kà á. Ibẹ̀ làwọn kan dúró sí lọ́jọ́ yẹn, ó sì tó. Àwọn kan ń yàwòrán ẹ̀ tí wọ́n ń kọ 1/2, 2/4, 4/8 sí i, tí wọ́n ń wò ó bóyá ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀. Àwọn tó yára ni mo fún ní ti aṣọ fúnra ẹ̀: ìró àdìrẹ àtijọ́, aṣọ méjì ni wọ́n máa ń rán pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan yáàdì 2½, tí ẹnì kan bá ra yáàdì 20, ìró mélòó ló máa rí níbẹ̀, tó bá wá bù yáàdì 2½ fún àbúrò ẹ̀ ńkọ́? Gbogbo wa la jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kò sẹ́ni tí mo gbé ìwé Primary 2 fún. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀, ẹ lè gbàgbé pé ó wà ní kíláàsì. Ó ṣẹ́ bébà tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó tú u ló ti sọ pé, "Mẹ́jọ ni." Mo ní ta ló sọ fún ẹ? Ó ní bí màmá òun ṣe máa ń ṣẹ́ aṣọ nìyẹn kó tó fi ìko dì í, pé ohun tó bá dì sójú kan, ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ti máa jáde. Mo ní kó wá fi han kíláàsì, ó wá, ó sì ṣàlàyé ẹ̀.

Ohun kan tí mi ò kì í ṣe ni kí n pín ọmọ sí èyí tó ń fi ojú kọ́ nǹkan, èyí tó ń fi etí kọ́ ọ, èyí tó ń fi ọwọ́ kọ́ ọ. Wọ́n ṣì ń sọ ọ́ fún wa ní sẹ́mínà. Harold Pashler, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò ní 2008, wọn ò rí ẹ̀rí tó gúnmọ́ pé pípín wọn bẹ́ẹ̀ ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Gbogbo ọmọ ló yẹ kó rí i, kó gbọ́ ọ, kó fọwọ́ kàn án.

Bọ́ọ̀lù náà wúlò, ẹ má fojú di í. Táblì líìgì nìkan, póíǹtì 3 fún ẹni tó borí, 1 fún ọ̀mì, góòlù tí wọ́n gbá wọlé wọn, ẹ yọ ọ́ kúrò lára èyí táwọn fúnra wọn gbá wọlé, ibẹ̀ làwọn ọmọ mi ti kọ́kọ́ mọ̀ pé nọ́ńbà lè lọ sísàlẹ̀ òdo.

Àwọn tó yára ló ń dùn mí jù lóòótọ́, torí ìyà la máa ń fi mímọ̀ wọn jẹ wọ́n. Ọmọ parí ìṣirò mẹ́wàá, a ní ó yá, gba 20 mìíràn, irú kan náà. Tàbí ká sọ ọ́ di igbákejì tíṣà lójoojúmọ́, kó máa kọ́ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ta ló wá ń kọ́ òun? Èmi a máa ní kí wọ́n gbé ìbéèrè kalẹ̀ fúnra wọn, ìbéèrè tó máa mú kí ẹni tí ò fara balẹ̀ kọ 450 dípò 350, kí wọ́n sì ṣàlàyé ìdí tí onítọ̀hún fi máa ṣì í. Kò rọrùn rárá! Ọmọ tó bá ṣe é, ó ti mọ àyọkúrò dénú.

Ẹgbẹ́ tí mo bá kó wọn sí kì í pẹ́ tó fi ń yí padà, ẹni tó wà lọ́dọ̀ létà lónìí lè ti kúrò níbẹ̀ kóṣù tó parí, ẹni tó sì yára níbi ìwé kíkà lè wà lẹ́yìn níbi ìṣirò. Mi ò sì gba "olódo" láyè ní kíláàsì mi, lẹ́nu ọmọ tàbí lẹ́nu àgbà. Ìyá kan wá bá mi lánàá, ó ń bẹ̀rù, ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, ṣé ọ̀dọ̀ àwọn olódo lọmọ mi wà ni?" Mo ní rárá mà, ọmọ yín ti ń ka ọ̀rọ̀ kan-kan, páráágíráàfù ló kù, tẹ́ ẹ bá ti jọ ń wọ mọ́tò láti Pánṣẹ́kẹ́ lọ Ṣápọ́n, ẹ jẹ́ kó máa ka gbogbo sáìnbọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ bá kọjá fún yín, pàápàá àwọn tó gùn.