Ọmọ mi sọnù lọ́jọ́ pátì ìparí ọdún: ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo nọ́ńbà tó wà lórí fọ́ọ̀mù yín

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ọmọ yín wà ní puráímárì, mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ yìí ò dẹrùn fún ẹnikẹ́ni. Owó pátì, owó fọ́tò, owó lẹ́sìn hólídè, ọmọ tún ní òun ò lè wọ aṣọ ọdún tó kọjá lọ sí pátì. Ṣùgbọ́n ẹ dúró kẹ́ ẹ gbọ́ tèmi ná, ọjọ́ Jímọ́ ló ṣẹlẹ̀, òní ni Mọ́ńdè, ọkàn mi ò tíì padà sípò, tí fóònù bá dún báyìí àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó wo ẹni tó ń pè.

Ọmọ mi ọkùnrin, Àkàndé, ọmọ ọdún mẹ́fà, Puráímárì 1, ló sọnù lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe pátì ìparí tẹ́ẹ̀mù kẹta. A ti rí i o, ẹ bá mi dúpẹ́, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí tó ń fi gàrí da ilẹ̀ rú. Àmọ́ ohun tí ojú mi rí kí n tó rí i, kí Ọlọ́run má fi han ọ̀tá mi.

Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé sọ pé aago méjì ni pátì máa parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi mẹ́sééjì sórí group WhatsApp láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé òjò ti ń ṣú, aago méjìlá làwọn máa ṣíwọ́. Mi ò rí i. Mo ti pa ohùn group yẹn láti oṣù March, nítorí pé láti àárọ̀ dalẹ́ ẹnì kan á máa fi àdúrà ránṣẹ́, ẹlòmíì á máa béèrè pé ṣé bísíkíìtì la máa mú wá àbí súwíìtì, àwọn méjì á máa bú ara wọn lórí owó kánópì. Kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé àìbìkítà ni. Ẹ ṣí fóònù tiyín, kẹ́ ẹ ka iye mẹ́sééjì tẹ́ ò tíì ṣí fún mi. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, kọ́sítọ́mà tó fẹ́ ra aṣọ ẹbí ló wà níwájú mi lọ́jọ́ náà, bàbá ọmọ wà ní Èkó, ta ni kí n rán?

Mo dé géètì ilé ìwé ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo tiẹ̀ ń yin ara mi nínú pé lónìí mo tètè dé. Wọ́n ti ń tú kánópì. Ilé rọ́bà tí àwọn ọmọdé máa ń fò lórí ẹ̀ ti rọ sílẹ̀, ọkùnrin kan jókòó lé e kí afẹ́fẹ́ ẹ̀ lè tán. Àwo jọ́lọ́ọ̀fù wà káàkiri ilẹ̀, adìyẹ ẹnì kan wọlé wá ń ṣà á jẹ. Kò sí ọmọ kankan. Bàbá géètì wò mí, ó ní, “Ìyá Àkàndé, ṣebí ẹ ti rán èèyàn wá mú un?”

Mo ní ta ni mo rán?

Ó ní ọmọbìnrin gíga kan ló wá mú ọmọ méjì, Àkàndé sì wà láàárín wọn, ó di ẹ̀kẹta wọn, òun rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ gbọ́ o, káàdì tí wọ́n fi ń mú ọmọ wà nínú báàgì mi. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Lójoojúmọ́ ni wọ́n máa ń gba káàdì yẹn wò, kódà bí òjò bá ń pa mí ní géètì wọ́n á ní “Màdáámù, káàdì dà?” Ọjọ́ pátì nìkan ni wọn ò béèrè, nítorí pé DJ ń lu ìlù, gbogbo ìyá ló fẹ́ mú ọmọ tiẹ̀ kí òjò tó dé.

Tíṣà ẹ̀ pe ìyá ọmọ kíláàsì wọn tó ṣeé ṣe kó tẹ̀ lé, fóònù ń dún, kò gbé e. Ibi tá a dúró sí yẹn ni òjò ti dé. Kì í ṣe òjò wẹ́wẹ́ o. Òjò July Ìbàdàn, tó máa ń rọ̀ bíi pé ẹnì kan dojú agbada dé lókè.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ìtàn Ògùnpa ti August 31, 1980 ni màmá mi fi tọ́ wa, bí omi ṣe gbé ilé, gbé mọ́tò, gbé òkú àti ààyè. Ti August 26, 2011 ṣojú èmi fúnra mi, ọdún tí omi gbé afárá Apẹtẹ, tí ẹni tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà nígbà tí òjò yẹn bẹ̀rẹ̀, mi ò ronú ajọ́mọgbé, omi ni mo ronú. Gọ́tà ńlá kan wà lẹ́yìn ilé ìwé wọn, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú odò, ẹgbẹ́ ẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń gbà tí wọ́n bá fẹ́ gé ọ̀nà kúrú. Mo sáré lọ síbẹ̀ láìwọ bàtà, mi ò mọ ìgbà tí mo bọ́ ọ.

Mo wá rí sálúbàtà kan. Aláwọ̀ ewé, ti ẹsẹ̀ òsì, ó há sára irin tí wọ́n fi dí ojú gọ́tà, omi ń tì í síwá, ń tì í sẹ́yìn, bíi pé ẹsẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀. Sálúbàtà aláwọ̀ ewé ni Àkàndé wọ̀ jáde láàárọ̀. Èmi ni mo dè é fún un, ó ní ó ti le jù, mo ní kó fara dà á, kò ní bọ́ tó bá ń jó.

Mi ò mọ bí mo ṣe wọnú gọ́tà. Omi dé itan mi. Ẹnì kan ń pariwo lẹ́yìn mi pé “Ìyá, ẹ jáde ńbẹ̀!” Mo yọ sálúbàtà yẹn, mo yí i padà kí n wo nọ́ńbà abẹ́ ẹ̀, ẹrẹ̀ ti bò ó, mo fi àtàǹpàkò nù ún. 32. Ti Àkàndé, 29 ni. Mo tún un kà. 32. Ọpọlọ mi mọ̀ pé kì í ṣe tiẹ̀, àmọ́ ọwọ́ mi ò jù ú sílẹ̀, mo gbá a mọ́ra, mo ń sunkún nínú òjò, mo ń bẹ ẹni tí mi ò mọ̀ pé kó má jẹ́ tọmọ ẹlòmíì náà. Títí dòní mi ò mọ ọmọ tó ni ín. Ó wà lẹ́yìn ilé mi níbí, mi ò lè dà á nù.

Lọ́rọ̀ kan ṣá, mọ́ṣáláṣí kan tó wà nísàlẹ̀ ló fi lásípíkà kéde ọmọ, ọlọ́kadà kan gbọ́, ó wá fi ọ̀kadà gbé mi débẹ̀, mo bá Àkàndé tó wọ ẹ̀wù ẹlẹ́wù, ó ń jẹ bísíkíìtì. Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ jáde, ẹ̀gbọ́n ọmọ kíláàsì ẹ̀ ni, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀kẹta ń tẹ̀ lé àwọn, nígbà tí òjò dé wọ́n sá, Àkàndé ò lè sá tó wọn. Màmá kan tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata ló fà á wọlé. Ó parí.

Kò parí o. Ohun tí màmá yẹn sọ fún mi ló jẹ́ kí n máa kọ èyí. Ó ní, “Ìyá, mo ti pe nọ́ńbà yín tó ìgbà ogún. Ọmọ yín kà á fún mi bí orin, kò ṣìnà níbì kan.” Ó gbé fóònù ẹ̀ fún mi. Mo wò ó. Nọ́ńbà mi àtijọ́ ni.

Wọ́n jí fóònù mi ní Ìwó Road ní January. Láìnì yẹn, ẹni tó ń ta síìmù lẹ́bàá ọ̀nà ló tà á fún mi láyé àtijọ́, orúkọ tó wà lórí ẹ̀ kì í ṣe tèmi, nígbà tí mo dé ọ́fíìsì wọn pẹ̀lú NIN mi wọ́n ní àwọn ò lè bá mi gbà á padà. Mo ra tuntun. Mo fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́ sí gbogbo kọ́sítọ́mà mi lọ́jọ́ kejì. Mo fún alájọ. Mo fún télọ̀. Mo fún ẹni tó ń bá mi fọ aṣọ. Mi ò fún ọmọ mi. Mo kọ́ ọ ní nọ́ńbà yẹn nígbà tó wà ní nọ́ọ̀sìrì, mo ń fi yangàn fún àwọn èèyàn pé ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń kà á, kò wá sọ́kàn mi pé orí ọmọ náà nílò pé ká yí ohun tó wà nínú ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ṣe gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ. Èmi ni mo já a kulẹ̀.

Nítorí náà ẹ̀kọ́ kìíní tí mo kọ́: nọ́ńbà. Ẹ pe ọmọ yín báyìí, kó ka nọ́ńbà yín, kẹ́ ẹ fi fóònù míì pè é kẹ́ ẹ rí i pé ó wọlé. Ẹ má kàn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ kẹ́ ẹ máa pàtẹ́wọ́.

Èkejì, aṣọ pátì. Lójoojúmọ́ ọmọ máa ń wọ yúnífọ́ọ̀mù, orúkọ ilé ìwé wà láyà ẹ̀, ìwé tí wọ́n kọ orúkọ sí wà nínú báàgì. Ọjọ́ pátì, aṣọ ilé ni, kò sí báàgì, kò sí ìwé. Màmá yẹn ò mọ ilé ìwé tí ì bá dá a padà sí, Àkàndé ní “ìskúùlù wa tó ní géètì búlúù” ni, ẹ bá mi ka géètì búlúù tó wà ní Ìbàdàn. Ẹ kọ nọ́ńbà yín sí ìwé kékeré, kẹ́ ẹ rán an mọ́ inú àpò ṣòkòtò ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi báírò kọ ọ́ sí i lápá. Wọ́n á ní ẹ ti ya wèrè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó ń lọ ni kẹ́ ẹ kọ o!

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ group. Ó dáa, mo gbà, mo ti tún ohùn ẹ̀ ṣí. Àmọ́ ilé ìwé náà, tẹ́ ẹ bá yí aago padà láàárọ̀, ẹ pe èèyàn. Òbí tó wà lọ́jà ò lè máa wo fóònù. Wọ́n dá mi lóhùn pé àwọn pè mí, kò wọlé. Ẹ ti mọ nọ́ńbà tí wọ́n pè.

Ti géètì ńkọ́, ilé ìwé ò gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ pátì ṣe ọjọ́ tí géètì ṣí sílẹ̀ gbàyàwù, ọjọ́ yẹn gan-an ni èrò ń pọ̀. Kò sẹ́ni tó gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Baṣọ̀run ní December 18, 2024, níbi àríyá àwọn ọmọdé, ọmọ 35 ló bá ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lọ. Mi ò fi ti wa wé e o, kí Ọlọ́run tu àwọn òbí yẹn nínú. Mo kàn ń sọ pé ibi tí ọmọdé bá ti pọ̀, tí àgbà sì ń kánjú, ẹ lọ dúró sí ìdí ọmọ yín ṣáájú kí ó tó parí, èmi náà á ti ọjà bọ̀ láti aago mọ́kànlá lọ́dún tó ń bọ̀, kọ́sítọ́mà á rí ẹlòmíì.

Ti hólídè gígùn yìí, ẹ mọ̀ ọ́n: ẹ dé kànga, ẹ má fi kẹ́míkà sínú ìgò ohun mímu, ẹ gbé ṣáná àti gáàsì kúrò níbi tọ́wọ́ wọn lè tó, ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tí ara yín ò gbà, kódà kó jẹ́ mọ̀lẹ́bí. Ẹ tún wo omi. August ni omi Ògùnpa, August ni ti 2011, oṣù tí àwọn ọmọ wa wà nílé tí wọ́n ń fẹ́ jáde lọ ṣeré nínú àgbàrá nìyẹn.

Mo lọ ilé ìwé láàárọ̀ yìí láti yí nọ́ńbà padà. Àǹtí tó wà ní ọ́fíìsì fa fáìlì Àkàndé yọ, fọ́ọ̀mù tí mo kọ nígbà tó wọ nọ́ọ̀sìrì ló ṣì wà ńbẹ̀. Nọ́ńbà mi, èyí tí wọ́n jí. Nísàlẹ̀ ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ní ta ni kí àwọn pè tí àwọn ò bá rí ẹ, màmá ọkọ mi ni mo kọ. A ti sin màmá láti ọdún tó kọjá. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò lè gbé báírò. Àǹtí yẹn ní kí n má jẹ̀ẹ́ kó dùn mí, fáìlì tó rí bẹ́ẹ̀ pọ̀ níwájú òun.

Àkàndé ti ń kọ́ tuntun. Ó ń kà á nínú ilé ìwẹ̀, ó ń kà á fún àwọn ọmọ àdúgbò. Tó bá dé ìdajì, á tún fò sórí àtijọ́, á wá dákẹ́, á wò mí, á ní “Mọ́mì, èwo?”