Ìka Ni Ọmọ Fi Ń Mọ Igun

Ọmọbìnrin mi kékeré, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà, dé láti ilé ìwé lọ́jọ́ kan, ó sì ka orúkọ àwọn àwòrán tó wà lára ògiri kíláàsì wọn fún èmi àti bàbá rẹ̀ bí ẹni ń kọrin: circle, square, triangle, rectangle, star. Àwa méjèèjì pàtẹ́wọ́ fún un. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, mo gé búrẹ́dì láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́, mo gbé ìlàjì rẹ̀ sínú àwo rẹ̀, mo sì bi í pé irú àwòrán wo nìyẹn. Ó ní búrẹ́dì ni. Mo ya èyí tó wà lára ògiri wọn sórí bébà, ó dáhùn kíá pé triangle ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí bébà náà po, tí ṣóńṣó rẹ̀ wá dojú kọ ilẹ̀, ó mi orí, ó ní, "Rárá o, Mọ́mì, ìyẹn ti ṣubú."

A kò lè dá a lẹ́bi. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi hàn án, ó jókòó lórí ìdí rẹ̀ bí òrùlé, àwọ̀ pupa, lára ògiri tí ọwọ́ ọmọ kò tó. Tọkọtaya kan tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní Netherlands, Pierre van Hiele àti Dina van Hiele-Geldof, ti ṣàlàyé irú nǹkan báyìí ní 1957: wọ́n ní bí àwòrán ṣe rí lójú lápapọ̀ ni ọmọ kọ́kọ́ fi ń dá a mọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń dá ojú ènìyàn mọ̀ láìka eyín ẹnu rẹ̀, àti pé ẹ̀yìn ìyẹn ló tó máa wo igun àti ẹ̀gbẹ́ pé àwọn gan-an ló sọ àwòrán di ohun tó jẹ́. Wọ́n tún tẹnu mọ́ ọn pé ohun tí a bá fún ọmọ ṣe ló ń gbé e láti ìpele kan dé èkejì, ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ lẹ́rán.

Káfíńtà kan wà nítòsí wa ní Kubwa, ní Abuja, ará Ìlọrin ni. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi rẹ́ lára àwọn àjákù pákó tó máa ń fún àwọn obìnrin tó ń dáná. Mo fẹ́ onígun mẹ́ta oríṣiríṣi, èyí tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó kúrú, àti èyí tí igun rẹ̀ kan gún régé bí igun ìwé. Mo fẹ́ onígun mẹ́rin bíi mẹ́ta, àti pákó róbótó méjì. Ó bi mí bóyá kó kùn wọ́n. Mo kọ̀, nítorí mo mọ ọmọ mi: bí ọ̀dà bá ti wọ̀ ọ́, "èyí pupa" àti "èyí búlúù" ni yóò máa pè wọ́n títí láé. Kó ṣáà fi sáńpépà ha etí wọn dáadáa, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ lọ, torí àbúrò rẹ̀ tó ń rá nígbà náà kì í rí nǹkan kó má gbé e sẹ́nu.

Mo rán àpò àǹkárá kan, mo kó àwọn pákó náà sínú rẹ̀. Òfin eré wa kò ju ọ̀kan lọ: ọwọ́ ló ń wọ inú àpò, ojú kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

"Kí ni ọwọ́ rẹ rí?"

"Ó ní ṣóńṣó."

"Ṣóńṣó mélòó?"

Ó dákẹ́, ó ń fi ìka tọ etí pákó náà yípo. Ó ní mẹ́rin. Nígbà tó mú un jáde, onígun mẹ́ta ni. Ó ti ka igun àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé kò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwa àgbà kì í ronú kan èyí, torí ojú la fi ń kà, ojú a sì máa rí gbogbo igun lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wá kọ́ ọ pé kó fi àtàǹpàkò òsì di igun kan mú ṣinṣin, kó fi ìka ọ̀tún máa rìn lọ, kó sì dúró nígbà tí ìka bá bá àtàǹpàkò. Láti ọjọ́ yẹn ni kíkà rẹ̀ ti ń péye. Nígbà tó kan pákó róbótó, ó wá igun tí yóò fi àtàǹpàkò dì mú tì, ó ń yí ìka lọ, ó ń yí i bọ̀, ẹ̀rín sì pa á: "Mọ́mì, èyí ò ní ibi kankan!"

N kò dá ọgbọ́n kankan sílẹ̀ o. Friedrich Froebel, ará Jámánì, ti ń fi bọ́ọ̀lù òwú àti ègé igi kọ́ àwọn ọmọdé láti 1837, Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó ṣí ilé àwọn ọmọdé ní Róòmù ní 1907, sì ní àwọn ègé igi tí ọmọ ń fi ìka tọ etí wọn kó tó dá wọn padà sójú ihò wọn. Wọ́n ń ta irú wọn ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ìṣeré ní Abuja níbí, ní iye owó tó lè gbé ilẹ̀kùn tuntun kalẹ̀ lọ́dọ̀ káfíńtà mi.

Ohun tí èmi rò pé ó jẹ́ tiwa ni orúkọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè rí "mẹ́ta" kankan nínú triangle. Ìró lásán ni létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní onígun mẹ́ta, a ti sọ ohun tí ìka yóò wá, a sì ti sọ iye tí yóò kà kó tó dúró. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe eré àpò ní Yorùbá nìkan. Àbúrò mi obìnrin bẹ̀rù pé yóò da ọmọ rú, pàápàá ní Abuja yìí tí àwọn ọmọ àdúgbò ń fi Gẹ̀ẹ́sì àti Hausa bá a ṣeré. Mo rán an létí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ fún gbogbo ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ kan padà wálé pẹ̀lú àmì ìkùnà. Onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba kan ni wọ́n tẹ̀ sórí bébà, tí wọ́n mú kó dúró lórí igun rẹ̀. Ọmọ ní square ni, olùkọ́ ní diamond ni. Inú bí mi, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ fúnra rẹ̀ kò bínú. Ó gbé bébà náà sílẹ̀, ó yí i díẹ̀, ó ní, "Ẹ wò ó, ó ti jókòó." Ẹni tó ń sọ pé àwòrán ṣubú lóṣù tó kọjá nìyí.

Láti ìgbà náà, kò sí ibi tí kì í ka igun: àmì ìkìlọ̀ ojú títì tó ní etí pupa, mẹ́ta; àmì STOP, mẹ́jọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ wa ní láti dúró pẹ́ níbẹ̀ kó tó kà á tán. Mááṣà, ó ní kò ní ibi kankan.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti ìgbálẹ̀. Mo ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ sí ọgbọọgba, mo fi rọ́bà so orí mẹ́ta mọ́ra wọn di onígun mẹ́ta, mo sì so mẹ́rin mìíràn bákan náà di onígun mẹ́rin. Mo ní kó fi ìka ti àwọn méjèèjì. Onígun mẹ́ta kò yẹsẹ̀. Onígun mẹ́rin dagun lójú ẹsẹ̀, ó sì ń ti í síwá sẹ́yìn, ó ní ó ń jó. Bàbá rẹ̀ na ọwọ́ sí ilé kan lódìkejì wa tí wọn kò tíì kan páànù rẹ̀, níbi tí igi òrùlé ti to onígun mẹ́ta lórí onígun mẹ́ta, ó ní ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ kì í fi í tì í ṣubú. Mo wá so ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tó gùn díẹ̀ láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́ nínú èyí tó ń jó. Ó dúró jẹ́ẹ́. Ọmọ wò ó títí, ó ní, "Búrẹ́dì ìjọ́sí nìyí."

Lánàá ló bi mí pé ṣé onígun méjì wà. N kò dá a lóhùn. Mo fún un ní ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì àti rọ́bà méjì, ó sì wà lórí ilẹ̀ nínú pálọ̀, ó ń gbìyànjú láti pa wọ́n dé.