Ẹ Má Ju Kọ̀ǹpútà Tí Ẹ Fi Ń Ṣe Firmware Nù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ firmware ráútà, ìyẹn ètò tó ń mú ráútà ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Láìpẹ́ yìí ni ọ̀kan nínú yín kọ̀wé sí gbogbo wa pé òun ti pa server àtijọ́ kan rẹ́ torí kò sẹ́ni tó ń wọ inú rẹ̀ mọ́, pé a ti ní àyè sí i báyìí. Inú rẹ̀ ń dùn. Kọ̀ǹpútà server yẹn la fi ń ṣe image, ìyẹn odidi fáìlì firmware tí wọ́n ń tẹ́ sínú ẹ̀rọ, fún ráútà kan tí a ò tà mọ́, àmọ́ tó ṣì ń pín Wi-Fi nínú ilé ọ̀pọ̀ èèyàn títí dòní. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀dà rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi. Mi ò bá ọmọ náà jà, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí irú nǹkan báyìí ń gbé èèyàn dé, ojú mi ló ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Mi ò ní fi ohun tí ẹ ti mọ̀ dá yín dúró. Ẹ mọ bootloader, ètò kékeré tó ń kọ́kọ́ jí nínú ráútà, ẹ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín factory image àti sysupgrade, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi TFTP jí ráútà tó ti kú. Ẹ jẹ́ ká wọ inú ọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní: àyè inú flash, ìyẹn ibi tí firmware ń gbé nínú ẹ̀rọ, ló ń kọ́kọ́ pa ráútà. Ẹ̀rọ tó ní flash MB 4 àti RAM MB 32 lè máa ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún, kí iná rẹ̀ máa tàn geere, síbẹ̀ kernel, ọkàn ètò Linux inú rẹ̀, ń tóbi sí i lọ́dọọdún, àyè ibi tí wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹ sí kò kúrò lójú kan. Nígbà tí 21.02 ti OpenWrt, firmware ọ̀fẹ́ tí àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ń ṣe fún ráútà, jáde ní 2021, image tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo ayé ti ń béèrè flash MB 8 àti RAM MB 64, ó kéré tán. Kí ó tó dìgbà yẹn náà la ti rí àpẹẹrẹ. Nígbà tí Linksys gbé oríṣi karùn-ún ráútà wọn, WRT54G, jáde ní 2005, wọ́n dín flash rẹ̀ kù sí MB 2, wọ́n dín RAM rẹ̀ kù sí MB 8, wọ́n yọ Linux kúrò nínú rẹ̀, wọ́n fi VxWorks, ètò mìíràn tí kò ṣí sílẹ̀, rọ́pò. Wọ́n tún wá gbé WRT54GL jáde lọ́tọ̀ fún àwọn tó ṣì fẹ́ Linux. Ẹni tó bá ń bá yín jiyàn nípa iye tí flash ń náni nígbà tí ẹ bá ń ṣe ẹ̀rọ tuntun, ọjọ́ ikú ẹ̀rọ yẹn ló ń bá yín dá. Ẹ má gbà fún un.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ má fọwọ́ kan partition, ìyẹn apá inú flash, tí ìwọ̀n rédíò wà. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń lo chip Atheros, ART ni wọ́n ń pè é, ìparí flash ló sì sábà máa ń wà. Ẹyọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wọn rédíò tirẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ti ẹ̀rọ kejì ò lè ṣe rẹ́gí fún un. Ẹ dà á kọ síbòmíì kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ó tán.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni mo torí rẹ̀ jókòó. Bí ẹ bá ní source code, ìyẹn ètò bí olùkọ rẹ̀ ṣe kọ ọ́, ẹ ò tíì ní firmware. Ẹ ní firmware lọ́jọ́ tí ẹ bá lè mú source code yẹn, kí ẹ ṣe image tó bá ẹ̀rọ náà mu, kí ẹ̀rọ náà sì gbéra. Ó ṣe kedere lẹ́nu, àbí? Ẹ gbọ́ bó ṣe rí ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà kan rí. Mi ò ní dárúkọ wọn.

A ní ráútà kan níbẹ̀ tó tà dáadáa. Ohun táwọn èèyàn fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé ó lè ṣe repeater: á gba Wi-Fi lọ́dọ̀ ráútà mìíràn, á tún un pín dé yàrá tí ti àkọ́kọ́ ò dé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ń kó kúrò ní ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, mo kọ̀wé sáwọn ọ̀gá pé kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe image ẹ̀rọ yẹn kò gbọdọ̀ sọnù, kí wọ́n da gbogbo disk rẹ̀ kọ. Èsì tí mo gbà kò ju gbólóhùn kan lọ: source code ti wà nínú git, àpamọ́ tí a ń kó irú rẹ̀ sí. Mo tún kọ. Wọ́n kọ etí ikún sí i. Wọ́n nu disk náà, wọ́n fi kọ̀ǹpútà fún ẹlòmíì.

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 2017 ni ayé gbọ́ nípa KRACK, àléébù kan nínú ààbò Wi-Fi. Mathy Vanhoef, onímọ̀ kan ní yunifásítì KU Leuven ní Belgium, ló rí i. Bí ẹ̀rọ kan bá fẹ́ wọ Wi-Fi tó ń lo ààbò WPA2, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òun àti ráútà máa ń ránṣẹ́ síra wọn kí wọ́n tó fìdí kọ́kọ́rọ́ múlẹ̀. Ẹni ibi tó wà nítòsí lè dá ìkẹrin dúró, kí ráútà wá tún ìkẹta fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ tó bá gba ìkẹta lẹ́ẹ̀kejì á tún kọ́kọ́rọ́ kan náà fi sẹ́nu iṣẹ́, òǹkà tó ń tẹ̀ lé páákẹ́ẹ̀tì á sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan àti òǹkà kan náà á wá bo ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó ń dẹtí á sì rí ọ̀nà tú u.

Nínú ìpàdé, ọ̀gá kan sọ pé fóònù àti kọ̀ǹpútà lọ̀rọ̀ náà kàn, pé kò kan ráútà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wọlé ni àléébù náà pọ̀ sí. Mo dìde, mo ní repeater náà ń wọlé ni! Bó bá ti ń gba Wi-Fi lọ́dọ̀ ráútà mìíràn, bí fóònù ló ṣe rí lójú ráútà yẹn, ohun tó lè ṣe fóònù lè ṣe é. Ilé dákẹ́. Ó wá kan bí a ó ṣe tún un ṣe.

Ògiri àkọ́kọ́ nìyí: apá tó ń bójú tó kọ́kọ́rọ́ àti driver, ìyẹn ètò tó ń darí rédíò, jẹ́ ohun tí àwọn tó ń ṣe chip kó fún wa ní dídì, láìsí source code. A kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní àwọn ti ṣàtúnṣe, àmọ́ fún SDK (àkójọ irinṣẹ́ wọn) tuntun ni, pé àwọn ò fọwọ́ kan èyí tí à ń lò mọ́. A bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n fi ẹyọ fáìlì kan ránṣẹ́, wọ́n ní kí a dán an wò bóyá ó lè bá tiwa mu.

A wá ní láti ṣe image. Ibẹ̀ ni omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Source code wà nínú git lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ. Compiler, ètò tó ń sọ source code di ohun tí ẹ̀rọ lè lò, kò sí. Fáìlì .config, àkọsílẹ̀ àwọn ohun tí a yàn, tí a fi ṣe kernel tó wà nínú ẹ̀rọ tí a tà kò sí, torí orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n nù yẹn nìkan ló wà. A lè yọ ọ́ láti inú /proc/config.gz ẹ̀rọ náà ká ní wọ́n ti tan ìyẹn nígbà tí wọ́n ń ṣe kernel, wọn ò tàn án. A bẹ̀rẹ̀ sí í méfò.

Image àkọ́kọ́ tí a rí ṣe tóbi ju àyè kernel lọ, torí compiler wa ti tuntun jù, nǹkan tó ń tú jáde sì sanra. A gé ibí, a gé ọ̀hún, títí tó fi wọlé. Mo tú ráútà kan. Abẹ́ rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ìdè pamọ́ sí. Mo jó wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta mọ́ ojú serial, ibi tí ẹ̀rọ ti ń sọ ohun tó ń ṣe, lórí bọ́ọ̀dù, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ní 3.3 volt, ìyára 115200, mo tan iná. Bootloader sọ̀rọ̀. Kernel tú ara rẹ̀, ó gbéra, ọ̀rọ̀ ń sáré lọ lójú mi, gbogbo wa yí tábìlì ká. Nígbà tó kan module rédíò, ìyẹn driver tí wọ́n kó fún wa ní dídì, ìlà kan yọ: version magic, àmì kernel tí wọ́n ṣe é fún, kò bára mu. Module náà kọ̀, kò wọlé.

Ẹnì kan ní ká fipá tì í wọlé. A tì í. Kernel dojú dé lójú ẹsẹ̀, ó kọ àdírẹ́ẹ̀sì orí mẹ́mórì sílẹ̀ rẹrẹẹrẹ, ó tún ara rẹ̀ tàn, ó tún dojú dé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí, torí àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ ṣì wà láàárín yín. Module tí wọ́n ti dì ti mọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà nínú struct, ìyẹn bí dátà ṣe tò, ti kernel tí wọ́n fi ṣe é. Bí ẹ bá yí ìlà kan ṣoṣo padà nínú .config, struct yẹn lè gùn sí i tàbí kó kúrú, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ á sún kúrò láyè wọn. Module á wá máa rìn nínú kernel yẹn bí afọ́jú tó wọ yàrá tí wọ́n ti tún àga rẹ̀ tò. Orúkọ nọ́ńbà kernel lè jẹ́ ọ̀kan náà lórí ìwé, ìyẹn ò yí i padà.

A gbìyànjú títí. A yí èyí, a yí ìyẹn. Nígbà tó yá, ọ̀gá ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n fi orúkọ ẹ̀rọ náà sí ara àwọn tí wọn ò ní tún ṣàtúnṣe mọ́, wọ́n kọ ọ́ sórí ìkànnì pé kí oníbàárà ra tuntun. Àwọn tó ti kọ̀wé béèrè, tí wọ́n ra ẹ̀rọ náà kò tíì pẹ́, gbólóhùn yẹn kan náà la fi dá gbogbo wọn lóhùn. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ èsì náà. Inú ṣì ń bí mi di bí mo ṣe ń kọ èyí, torí a sọ fún àwọn èèyàn pé ẹ̀rọ wọn ti gbó. Kò gbó. Àwa la ò lè ṣe é mọ́.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí KRACK jáde, ìyẹn ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá, àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni tó ń ṣe LEDE, èyí tó padà dara pọ̀ mọ́ OpenWrt ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, gbé 17.01.4 jáde pẹ̀lú àtúnṣe náà. Àwọn ráútà tó dàgbà ju tiwa lọ rí i gbà. Hostapd àti wpa_supplicant, àwọn ètò tó ń bójú tó kọ́kọ́rọ́ Wi-Fi, tí wọ́n ń lò ṣí sílẹ̀, driver ath9k ṣí sílẹ̀, àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe toolchain (compiler àti àwọn irinṣẹ́ rẹ̀) gan-an wà nínú source code, gbogbo .config wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tó dáa lè ṣe image wọn níbikíbi. Owó oṣù kọ́ ló jẹ́ kí wọ́n yára jù wá lọ.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, àwọn olùṣèwádìí ní Cisco Talos kéde VPNFilter, ètò burúkú kan tó ti wọ inú ó kéré tán 500,000 ráútà àti ẹ̀rọ ìpamọ́ ní orílẹ̀-èdè 54. Púpọ̀ nínú irú àkóràn báyìí ń gba ojú àléébù tí ayé ti mọ̀ tipẹ́ wọlé, èyí tí kò sẹ́ni tó dí. Ẹni tó ní ráútà kì í mọ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, iná ń tàn, ẹ̀rọ náà sì ti ń jíṣẹ́ ẹlòmíì. Ọwọ́ yín ni ilé ẹni yẹn wà. Mo fẹ́ kó máa wúwo lọ́kàn yín bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, mi ò fọwọ́ sí image kankan kó jáde bí nǹkan wọ̀nyí ò bá sí níbi kan náà: compiler fúnra rẹ̀, .config, gbogbo fáìlì tí à ń fà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí a bá ń ṣe image, àwòrán bí wọ́n ṣe pín flash, fáìlì tí àwọn oníṣíìpù kó wá ní dídì pẹ̀lú hash (nọ́ńbà ìdánimọ̀) wọn, àti kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń buwọ́ lu image. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, bó bá sọnù, ẹ̀rọ tó ń yẹ ìbuwọ́lù wò ò ní gba ohunkóhun lọ́wọ́ yín mọ́ títí láé. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ẹ̀rọ kan tó ti gba ọwọ́ mi kọjá látìgbà náà tí mi ò lè ṣe image rẹ̀ lónìí.

Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣíìpù, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó rà. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní source code driver, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àwọn á máa ṣàtúnṣe títí dìgbà tí ẹ ṣèlérí fún oníbàárà. Òfin ti wà lẹ́yìn yín báyìí, tí kò sí lẹ́yìn wa nígbà náà. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2024, ẹni tó ń ta irú ẹ̀rọ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ sọ ìgbà tí àtúnṣe ààbò á dúró dà. Ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, èyí tí wọ́n ń pè ní Cyber Resilience Act, á múlẹ̀ tán ní oṣù Kejìlá ọdún 2027, ó sì ní ọdún márùn-ún ni ó kéré jù fún ọjà tí èèyàn á lò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ ojú ewé òfin yẹn sórí bébà, ẹ gbé e dání lọ sí ìpàdé.

Iṣẹ́ tí mo fún yín nìyí. Kí oṣù yìí tó parí, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín mú ẹ̀rọ tó dàgbà jù lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá kọ̀ǹpútà tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ohun tó wà nínú àpamọ́ wa nìkan ṣe image tó jáde kẹ́yìn, kí ẹ fi wé èyí tí oníbàárà gbà, báìtì kan sí èkejì. Bí wọn ò bá bára mu, ẹ kọ orúkọ fáìlì tó yàtọ̀ sílẹ̀, ẹ mú un wá fún mi.