Ọlidé May yìí, òkè Scotland là ń lọ

Gbogbo ẹni tó gbọ́ pé a fẹ́ lọ ọlidé, Dubai tàbí Tenerife ni wọ́n ń dárúkọ, àmọ́ ibi tútù ló wù wá lọ́tẹ̀ yìí, ibi tí igbó wà, tí òkè wà, tí omi wà, tí àwọn ọmọ á ti lè sáré bó ṣe wù wọ́n. Iceland ni ìyàwó mi kọ́kọ́ ń wò, ó dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lèmi ń lò, ìyẹn á ní kí n tún lọ gba físà Schengen, owó ẹ̀ lọ́tọ̀, ìwé báǹkì lọ́tọ̀. Scotland ní tiẹ̀, ẹni tó bá ti ní ìwé ìgbélùú UK, ó kàn máa wọ réluwéè ni.

Aviemore ni mo mú, inú Cairngorms ló wà, pákì ìjọba tó tóbi jù ní UK. Erékùṣù Skye ni gbogbo ayé ń sá lọ torí fọ́tò, àmọ́ ẹni tí ò bá ní mọ́tò á jìyà níbẹ̀, èmi ò sì fẹ́ ọlidé tá a máa fi gbogbo ọjọ́ jókòó sínú ọkọ̀. Réluwéè ọ̀sán tó ń ti King's Cross ní London lọ Inverness máa ń dúró ní Aviemore, èyí tí wọ́n ń sùn nínú ẹ̀ mọ́jú láti Euston, ní London kan náà, náà ń dúró níbẹ̀, bọ́ọ̀sì á wá gbé yín dé Loch Morlich, adágún tó ní iyanrìn létí, tó jẹ́ pé àwọn ọmọ lè máa fi iyanrìn ṣeré nísàlẹ̀ kí yìnyín ṣì wà lórí òkè tó wà níwájú wọn. Ẹ gba Family & Friends Railcard o, káàdì ẹ̀dínwó réluwéè ni, ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó àgbà, ó ń yọ 60% lára ti ọmọdé.

Ìgbà téèyàn máa lọ ṣe pàtàkì ju ibi tó máa sùn lọ. Ní July àti August, kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní midge, ó kéré gan-an, àmọ́ wọ́n máa ń tú jáde bí èéfín ni, wọ́n á wọ etí, wọ́n á wọ irun, wọ́n á máa jẹni, wọn kì í sì í fẹ́ atẹ́gùn, torí náà etí omi tó bá dákẹ́ lálẹ́ gan-an ni ibùba wọn. Ìparí May ni tiwa, wọn ò tíì pọ̀ nígbà yẹn, ilẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago mẹ́wàá alẹ́ kó tó ṣú.

Ohun tó ń mú inú mi dùn jù ni ẹyẹ osprey, ẹyẹ ńlá bí àṣá tó ń pa ẹja jẹ. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tán ní Britain, àfi ìgbà tí wọ́n tún padà wá ń yé ní Loch Garten, adágún mìíràn nínú Cairngorms, láàárín 1950 sí 1960, ọ̀dọ̀ wa ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń lo ìgbà òtútù, Senegal, Gambia, kí wọ́n tó tún fò padà lọ. Tó bá fẹ́ pẹja, ẹsẹ̀ ló máa ń nà síwájú wọ omi, tó bá wá gbé ẹja náà dìde tán, á yí orí ẹja sí iwájú kí atẹ́gùn má baà dá a dúró, ẹ ò rí ọgbọ́n ẹyẹ! Mo ti ra awò tá a máa fi wò ó.

Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe eré. Lórí òkè Cairn Gorm, tó ga tó 1,245 mítà, wọ́n wọn atẹ́gùn tó ń sáré 173 máìlì ní wákàtí kan ní March 1986, ẹ má wọ jíǹsì gun òkè, tó bá ti tutù kì í gbẹ bọ̀rọ̀, jákẹ́ẹ̀tì tí òjò ò lè wọ̀ àti bọ́ọ̀tù gidi ni. Eégbọn náà wà nínú koríko, ó lè fúnni ní àrùn Lyme, torí náà alaalẹ́ la máa yẹ ara àwọn ọmọ wò, ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, ìdí irun. Ilé tó ní kíṣìnì la háyà, gaàrí àti ata díndín ti wà nínú ẹrù.